Ọ̀dà Mọ́tò Lára Amù

Ọjọ́ tí mo sẹ́ amù tí mo fọwọ́ ara mi mọ kò ní kúrò lọ́kàn mi. Iṣẹ́ fífọ́n ọ̀dà sára mọ́tò ni mò ń ṣe ní Ìbàfò. Ìyá Ṣadé, ìyá àfẹ́sọ́nà mi, ò fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ṣé ọlọ́dà ni àwọn máa fọmọ fún. Mo wá pinnu pé màá mọ amù fún wọn láti fi wá ojúure. Mo tilẹ̀ ti ṣèlérí fún wọn lórí fóònù pé orúkọ wọn máa wà lára rẹ̀.

Màmá amọ̀kòkò kan ní Ìfọ̀ ló kọ́ mi. Bí mo ṣe ń gbé amù náà sóòrùn, àtàǹpàkò mi wọ ìdí rẹ̀, ó sì dá ihò kékeré tí kò lu já sí i. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún mi ní ṣùkù àgbàdo pé kí n yí i lára rẹ̀ kó lè ní ọnà. Mo kọ̀. Ṣùkù kẹ̀? Èmi tí mò ń sọ mọ́tò ògbólógbòó di tuntun?

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ sun àwọn ìkòkò, Màmá wọlé lọ kírun ọ̀sán. Kíá ni mo yọ ọ̀dà pupa jáde, mo ya òdòdó, mo sì kọ "Ìyá Ṣadé" gàdàgbà. Ṣebí ooru ló ń mú ọ̀dà mọ́tò gbẹ dáadáa. Mo ti í sáàárín àwọn yòókù kí Màmá tó jáde.

Nígbà tí iná ràn, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Màmá ń béèrè ta ló ń sun táyà. Èmi náà ń bá wọn béèrè.

Iná kú, eérú tutù, n ò rí amù mi. Mo yẹ gbogbo wọn wò lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí òdòdó, kò sí orúkọ, mo ní tèmi kò sí níbẹ̀. Orí mi dàrú. Mo wá ní àfi kí ìyàwó ilé Màmá, tó ń bá wa kó ìkòkò jáde, ti gbé e pa mọ́.

"Dojú èyí tó wà níwájú ẹ yẹn dé," Màmá wí.

Mo dojú rẹ̀ dé. Àtàǹpàkò mi wọ ihò ìdí rẹ̀ rẹ́gí. Ojú tì mí, mo dọ̀bálẹ̀ bẹ ìyàwó ilé.

"Àwọ̀ tó máa la iná já, inú ilẹ̀ ló ti ń wá, ọmọ mi," Màmá wí.

Mo gbé amù lásán lọ sí Ọ̀fàdà, níbi tí Ìyá Ṣadé ń gbé. Ìyá Ṣadé yí i wò síwá sẹ́yìn.

"Orúkọ mi dà?"

"Iná ti jẹ ẹ́, mà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tí kò lè purọ́ nípa amù, bóyá kò ní purọ́ fún ọmọ àwọn.

Mo kọ́gbọ́n: ọ̀gá níbi iṣẹ́ tirẹ̀, ọmọṣẹ́ ni níbi iṣẹ́ ẹlòmíì. Ṣadé ti di ìyàwó mi, amù náà sì wà ní pálọ̀ ìyá rẹ̀. Bí àlejò bá ti dé, ìyá ìyàwó mi á ní, "Orúkọ mi wà lára amù yẹn o, iná nìkan ló lè kà á." Èmi náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín, mo fẹ́, mo kọ̀.