Sàláàdì Ọ̀dùnkún Tí Kò Fẹ́ Sọ̀rọ̀

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni Eugen Pfleiderer. Sátidé tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ ẹ́, lọ́sàn-án gangan, lórí tábìlì oúnjẹ, níṣojú gbogbo ẹbí. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì tọrọ àforíjì.

Màmá Adelheid, ìyá ìyàwó rẹ̀, ń ṣe ọjọ́ìbí àádọ́rùn-ún ọdún nílé Eugen lọ́jọ́ náà. Gerlinde ìyàwó Eugen ló máa ń se sàláàdì ọ̀dùnkún ọjọ́ìbí yìí látọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, nígbà tó kàn wọ́n láàárín àwọn ayálégbé láti gbá àtẹ̀gùn ilé, Gerlinde gbá a, ó tún fi omi nù ún, ó sì yọ̀ lórí mímọ́ tóun fúnra rẹ̀ ṣe. Gbìì! Apá ọ̀tún rẹ̀ kán, dókítà sì fi sìmẹ́ńtì funfun dì í.

"Èmi ni màá sè é," ni Eugen wí.



"Ìwọ?" ni Màmá Adelheid bi í. "Eugen, ìwọ tó jẹ́ pé omi lásán ń jóná mọ́ ọ lọ́wọ́?"

Detlev, ọkọ àbúrò Gerlinde, ará Hamburg ní àríwá, ti dìde. "Màmá, ẹ fi lé mi lọ́wọ́. Mayonéésì wà nínú mọ́tò mi. Odidi garawa kan."

Mayonéésì!

Lọ́dọ̀ wa lórí òkè Alb níbí, ní gúúsù Jámánì, èèyàn lè jí kẹ̀kẹ́, wọn á dárí jì í. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá po mayonéésì mọ́ ọ̀dùnkún, wọn kì í kí i mọ́. Omi ẹran gbígbóná la fi ń ṣe tiwa, pẹ̀lú fínígà, òróró àti àlùbọ́sà, lọ́wọ́ọ́wọ́ la sì ń jẹ ẹ́. Tó bá ti dáa tán, á máa sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, á sọ̀rọ̀! Bí o bá fi ṣíbí yí i, á ní "ṣọ̀pọ̀, ṣọ̀pọ̀," bí ìgbà tí màlúù ń fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀. Èyí tí kò bá sọ̀rọ̀, ẹ gbé e fún ẹlẹ́dẹ̀.

Màmá Adelheid na ìka sókè. "Ó dáa. Kí Eugen sè é. Tí sàláàdì rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, òun ni yóò máa sè é títí n ó fi kú. Tí kò bá sọ̀rọ̀, Detlev ló kàn, tòun ti garawa rẹ̀."

Ẹ gbọ́ ìdájọ́ o! Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ hun aṣọ ní ilé iṣẹ́, tí ariwo ẹ̀rọ ti pa etí òsì rẹ̀ pátápátá, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kékeré kan, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ni etí ọ̀tún fi ń gbé ayé. Òun ni wọ́n ní kó lọ tẹ́tí sí ọ̀dùnkún!

Eugen wọ ilé ìdáná, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó se ọ̀dùnkún tèèpo-tèèpo. Gbígbóná la sì ń bó o, kò sí àlàyé míì.

"Yéè! Ṣṣṣ! Yéè!"

Ó ń jù ú láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì bí ẹni ń ṣeré bọ́ọ̀lù. Ó gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó bu fínígà àti òróró sí i, ó da omi ẹran lé e. Ó mú ṣíbí, ó yí i.

Kò sí ohùn.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ abọ́, ó tún un yí. "Ṣọ̀..." Ó rọra dún, bí ọmọ tuntun tó ń mu ọmú. Inú Eugen dùn. Ó ki orí bọ abọ́ pátápátá, ó sì fi ìka tí òróró ti bò ti ẹ̀rọ etí rẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa.

Fìrì!

Ẹ̀rọ yọ̀, ó jábọ́ sínú sàláàdì. Eugen kò gbọ́ ìró rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe gbọ́? Ohun tó fi ń gbọ́ràn ló jábọ́ yẹn!

Ẹ dúró, ẹ̀rín ń pa mí!

Ó tún yí i. "Ṣọ̀pọ̀! Ṣọ̀pọ̀!" Sàláàdì ń sọ̀rọ̀ kíkankíkan. Eugen ò gbọ́ nǹkan kan.

"Jọ̀ọ́, sọ̀rọ̀," ló ń bẹ̀ ẹ́. "Má dójú tì mí." Ó bu omi ẹran kún un.

"Ṣọ̀pọ̀! Ṣọ̀pọ̀! Ṣọ̀pọ̀!"

Gerlinde ṣí ilẹ̀kùn. "Eugen, ó ti tó! A ń gbọ́ sàláàdì náà ní pálọ̀!"

Ètè rẹ̀ nìkan ni Eugen rí tó ń mì. Lójú tiẹ̀, ó wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. "Jáde! Ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ ò jẹ́ kó ráyè!" Ó gbé ìkòkò omi ẹran, ó da gbogbo rẹ̀ sí i. Gbàà!

Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké nísàlẹ̀ abọ́, bí irú rẹ̀ ti máa ń ké tí nǹkan bá bò ó mọ́lẹ̀.

"Fíììììì!"

"Iná!" Detlev sáré wọlé. "Iná ń jó!" Ó gun àga, ó fa agogo tó máa ń ké bí èéfín bá wọlé já kúrò lókè àjà. "Fíììììì!" Ó gbé e sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó ń lù ú. Pàá! Pàá! "Fíììììì!"

Aládùúgbò ìsàlẹ̀ yọrí lójú fèrèsé. "Ẹ̀yin ará òkè! Àsìkò ìsinmi ọ̀sán rèé! Ta ni wèrè tó ń fọn fèrè?"

"À ń pa á lọ́wọ́!" ni Detlev dáhùn.

Eugen ń wo ọkùnrin kan tó ń fi bàtà na agogo lórí ilẹ̀ ilé ìdáná òun. Àánú rẹ̀ ṣe é. "Owú ni," ló wí lọ́kàn ara rẹ̀. Ó gbé abọ́ lọ sórí tábìlì.

Detlev fi aṣọ ìnura wé agogo, ó jókòó lé e lórí. "Fíììììì!" Ó tún ìdí gbé sílẹ̀ dáadáa.

Ìgbákọ ni wọ́n fi bu sàláàdì, torí ó ti di ọbẹ̀. Màmá Adelheid kì í rún nǹkan lẹ́nu. Eyín àtọwọ́dá rẹ̀ wà nínú ife ní yàrá. Ó gbé e mì, ó gbé e mì, ó ní kí wọ́n bù sí i. Ó tún mì í.

Gbìm.

Ariwo rọlẹ̀.

"Ó ti kú," ni Detlev wí lórí agogo rẹ̀, ó nu òógùn ojú.

Wọ́n jẹ abọ́ náà gbẹ. Gerlinde ló kọ́kọ́ rí i. Ó fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbé e lé etí ọ̀tún. Eugen fi ìka wá inú ihò etí. Òfìfo. Gbogbo wọn wo abọ́. Òfìfo.

Lábẹ́ aṣọ ọjọ́ìbí Màmá Adelheid, nǹkan kan rọra ní:

"Fíìì."

Màmá gbé ọwọ́ lé ikùn. Detlev gbójú sókè, ó ń ka pákó àjà. Gerlinde ki sọ́séèjì odindi sẹ́nu. Ta ni yóò sọ fún ìyá àádọ́rùn-ún ọdún pé etí àna rẹ̀ wà nínú rẹ̀?

Eugen nìkan ni kò gbọ́. Ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n ti jẹun tán, ẹnikẹ́ni ò sì tíì dá ẹjọ́. Ó dìde, ó na ọwọ́ tó ti bó fún gbogbo wọn wò.

"Etí mi, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹ̀tọ́ mi ni mò ń bèèrè. Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣòfin. Sàláàdì mi sọ̀rọ̀ àbí kò sọ̀rọ̀?"

Màmá Adelheid la ẹnu.

"Fíììììììì!"

Ó yára pa á dé.

Eugen ń wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó mì. Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì, gbà!

"Mo ní kẹ́ ẹ dá mi lóhùn!"