Ọba Sinimá àti Kìnnìún Ẹlẹ́sẹ̀ Márùn-ún

Kò sẹ́ni tó fi ọkùnrin yìí jọba. Òun ló fi ara rẹ̀ joyè, òun náà ló sì ń kí ara rẹ̀ ní kábíyèsí. Ọba Sinimá là ń pè é ládùúgbò wa. Bí ẹ bá kí i tí ẹ ò fi "Àjànàkú" kún un, yóò dúró, yóò máa wúkọ́ títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi dé ẹnu yín. Ó ní àjànàkú kọjá mo-rí-nǹkan-fìrí. Bẹ́ẹ̀ fìrí náà la máa ń rí nínú sinimá rẹ̀, nítorí ọwọ́ ẹni tó ń bá a yà á kì í yéé gbọ̀n.

Onígbàjámọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ló kọjú sí ilé rẹ̀, kò sì sí èyí tí mi ò wò nínú àwọn sinimá náà. Nínú ọ̀kan, òun tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ló ṣe ọmọ ogún ọdún tó ń fo ògiri. A rí àkàbà. A rí ẹni tó di àkàbà mú. A tiẹ̀ rí i tí onítọ̀hún ń yán.

Ẹ má bi mí pé kí la wá ń wá níbẹ̀. Ó dùn ni. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀, tó wá rí òkú tó ń họ imú nínú pósí, ara rẹ̀ á fúyẹ́. A máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Ọba Sinimá rí omi ojú náà, ó sì gbà pé iṣẹ́ òun ló wọ̀ wá lára.

Nígbà tó gbọ́ pé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ń wá kàtúùnù fún àwọn ọmọdé, ó ní ti òun ti délẹ̀. Kò pẹ́ tí pósítà fi gba gbogbo ògiri: kìnnìún kan báyìí, irun ọrùn rẹ̀ ń dán bíi wúrà, ojú rẹ̀ ń tàn. Oníbàárà mi kan fi orí àfá-ìdajì sílẹ̀, ó sáré jáde lọ wò ó. Ọ̀gá ayàwòrán kan ló ya ìyẹn. Nígbà tí ọ̀gá náà wá ní kí àwọn sọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ tó kù, Ọba Sinimá ní kó máa lọ, pé kí ló wà nínú kìnnìún, ṣebí ológbò tó sanra ni.

Bó ṣe jókòó ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ nìyẹn. Òun ló ya ìyókù, òun ló fi ohùn sí gbogbo wọn lẹ́nu, àtẹyẹ àtẹranko. Ó wọ balùwẹ̀ lọ gba ohùn náà sílẹ̀, kó lè máa dún gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tó parí, kò padà gbọ́ ọ. Ó ní ọba kì í tọ́ ọbẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè wò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi sinimá náà hàn, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Màdáámù tó wá láti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà wà láàárín, àwọn ọmọdé wà níwájú. Ọba Sinimá fi awò dúdú sójú nínú òkùnkùn, ó sì kọ́kọ́ tẹríba fún òpó kan kó tó rí Màdáámù. Ó ní kí wọ́n mú áńkáṣíìfù dání, pé iṣẹ́ yìí máa pa wọ́n lẹ́kún.

Kìnnìún jáde. Ẹsẹ̀ márùn-ún ló ní. Nígbà tó yípadà, ó ku mẹ́ta. Ó kọjá lára igi kan, ó kọjá lára òkúta kan, ó tún kọjá lára igi náà. Ẹyẹ kan wà lókè tí kò ju apá, ó kàn rọ̀ síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Ọmọ kan bú sẹ́kún pé kìnnìún ara ògiri lòun fẹ́.

Ọba Sinimá tẹ̀ sí Màdáámù létí. "Ṣé ẹ rí i? Ó ti ń wọ̀ wọ́n lára."

Ìgbà náà ni kìnnìún gun orí àpáta, ó ní òun lọba igbó, pé kò sí ẹ̀dá tí òun ń bẹ̀rù. Ká tó mọ̀, a gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn, ohùn obìnrin sì tẹ̀ lé e.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jáde kí n wẹ̀."

Ẹnu kìnnìún ń lọ pàkà-pàkà. "Jọ̀ọ́, ìyàwó mi, má bínú. Díẹ̀ ló kù."

"Ṣé ẹ ò tiẹ̀ ní ya ẹsẹ̀ kìnnìún yẹn dáadáa ni?"

"Kí ni wọ́n mọ̀?" ni kìnnìún wí. "Ewúrẹ́ ni gbogbo wọn. Ohun tí mo bá dà sílẹ̀ ni wọ́n máa jẹ. Obìnrin tẹlifíṣọ̀n yẹn gan-an, tí mo bá ti ní ó rẹwà, ó parí."

Ọba Sinimá sáré lọ sídìí ẹ̀rọ, òjìji ikùn rẹ̀ bo kìnnìún mọ́lẹ̀. Awò dúdú ò jẹ́ kó ríran. Bọ́tìnnì tó tẹ̀ ló mú kí ohùn náà lọ sókè sí i. "Má pariwo, ìyàwó mi, mo bẹ̀ ọ́," ni kìnnìún ń ké bí ààrá. Kó tó rí i pa, ojú rẹ̀ ti rí màbo.

Bàbá onílé rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde. Àgbàlagbà tí kì í ṣeré ni. Ó wo Ọba Sinimá látòkè délẹ̀, ó ní, "Mèèè."

Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbè é. Àwọn ọmọdé gbè é. Kò pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi ń ké bí agbo ewúrẹ́, èmi náà ò sì gbẹ́yìn.

Màdáámù gbé ọwọ́ sókè, ariwo rọlẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ohun tí òun gbọ́, ohùn ẹnì kan ṣoṣo ló jọ ohùn èèyàn. Ta ni obìnrin ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ yẹn? Ìyàwó Ọba Sinimá dìde lẹ́yìn, aránṣọ ni, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Màdáámù ní kó wá jókòó ti òun, pé iṣẹ́ wà fún un. Ó wá yíjú sí ọkọ.

"Ẹ dá a padà síbi balùwẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ tún ohùn ìyàwó yín gbọ́."

Kò sí ẹlòmíì tó mọ ẹ̀rọ náà lò. Ọba Sinimá wo ilẹ̀kùn, èrò dí i. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyẹn ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó yọ awò dúdú, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Kìnnìún tún gun orí àpáta, ó la ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ìyàwó rẹ̀.