Ìwé Tí Alàgbà Adéníyì Kà fún Ajá

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2025, ajá mọ́kànlá ló wà nínú ọgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Títíloyè fi ń ṣòwò kíkọ́ ajá ní Ekenwan Road, ní ìlú Benin. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ́ wọn. Kì í ṣe Ọ̀gbẹ́ni Títíloyè.

Motọ́lání ni orúkọ onítọ̀hún. Ó kàwé gboyè nípa ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn, ó wá iṣẹ́ títí ó fi sú u, ó wá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá tí kì í fọwọ́ kan ajá, tí kò sì fún un ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Láìpẹ́ yìí ni ọ̀gá náà lọ sí Kánádà lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kí ó tó lọ, ó gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ, ó sì fi ìwé sọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di aṣojú nínú gbogbo òwò náà. Páwà ọf atọ́nì ni àwọn lọ́yà ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n náà ni Alàgbà Adéníyì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú ṣòkòtò funfun, ó fi fáìlì sí abíyá. Ó ní ọgbà náà mọ́ tónítóní. Motọ́lání kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, ó ní, “Ẹ ṣé, sà.”

Sájẹ́ǹtì, ajá dúdú ńlá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

“O rí i?” ni Alàgbà wí. “Mi ò tíì sọ̀rọ̀ rárá. Ajá ti mọ ẹni tó ni àṣẹ.”

“Ó jọ bẹ́ẹ̀, sà.”

Alàgbà wá sọ ohun tó bá wá. Ìyáàfin Yéwándé, òṣìṣẹ́ báǹkì, ń bọ̀ wá mú Sájẹ́ǹtì láàárọ̀ yìí. Bí ajá náà bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní báǹkì yóò kó tiwọn wá. Alàgbà fúnra rẹ̀ ni yóò fi ajá hàn án. Ní ti Motọ́lání, òní ni yóò ṣe iṣẹ́ mọ. Akínfẹ́mi, àbúrò ìyàwó Alàgbà, tó ń ta abọ́ ní ọjà Ekiosa, ni yóò gba iṣẹ́ náà. Motọ́lání béèrè bóyá Akínfẹ́mi ti sin ajá rí. Alàgbà ní rárá, ṣùgbọ́n ó lóhùn. Bí ó bá ń pe oníbàárà, ìdajì ọjà ló ń yíjú.

“Kí ni mo ṣe, sà?”

“O ò ṣe nǹkan kan. Orúkọ rẹ ni kò sí nínú ìwé.” Ó ṣí fáìlì. “Orúkọ ta lo rí níbí? Tèmi. Gbogbo ohun tí Títíloyè lè ṣe nínú òwò yìí, èmi náà lè ṣe é.”

Motọ́lání ní kí Alàgbà jẹ́ kí òun kúkú bá wọn di okùn ajá mú títí oníbàárà yóò fi lọ. Alàgbà tọ́ ìka lá, ó ṣí ojú ìwé kejì, ó sì kà á sí i létí pé aṣojú kò gbọdọ̀ gbé iṣẹ́ aṣojú yìí fún ẹlòmíràn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn tó fi ń ka ẹ̀kọ́ kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fi kà á.

“Ó ti yé mi, sà. Ẹ gba okùn.”

Motọ́lání lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò, ó ká apá pọ̀.

“Jókòó,” ni Alàgbà wí.

Sájẹ́ǹtì ń wo orúnkún rẹ̀.

“Sit.”

Ajá náà yán.

“I say siddon.”

Ajá náà na ara gbọọrọ, ó sì tún dìde. Ni Alàgbà bá ṣí fáìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà fún un: orúkọ ẹni tó fúnni láṣẹ, orúkọ ẹni tó gbàṣẹ, agbára láti tà, láti rà, láti gba òṣìṣẹ́ àti láti lé òṣìṣẹ́. Nígbà tó parí ojú ìwé kìíní, Sájẹ́ǹtì lá igun rẹ̀.

“Bóyá kò rí òǹtẹ̀ ilé ẹjọ́, sà,” ni Motọ́lání wí láti abẹ́ igi.

Alàgbà fi òǹtẹ̀ hàn án. Ajá náà kò jókòó.

“Kí ló ń ṣe ajá yìí? Ṣebí ó jókòó nígbà tí mo wọlé.”

“Nígbà tí mo kúnlẹ̀ ló jókòó, sà.”

Motọ́lání wá ṣàlàyé fún un, kò kánjú. Orí àga ni Ọ̀gbẹ́ni Títíloyè máa ń wà pẹ̀lú tíì lọ́wọ́, tí yóò máa sọ fún Motọ́lání pé, ní kí ajá jókòó, ní kí ó dìde. Ó sì ti pàṣẹ pé kò sí ọmọbìnrin tí yóò gba àṣẹ lẹ́nu òun ní ìdúró. Nítorí náà, kí Motọ́lání tó yíjú sí ajá, yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀, yóò ní, “Ẹ ṣé, sà.” Láàárọ̀, lálẹ́. Ìṣe ara ni ajá ń wò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Àwọn ajá mú ìkúnlẹ̀ àti ọpẹ́, wọ́n da ìyókù nù.

Alàgbà pa fáìlì dé. “Ṣé Títíloyè náà máa ń kúnlẹ̀ fún un ni?”

“Rárá, sà. Ajá kankan ò sì jókòó fún wọn rí.” Ó wo fáìlì náà. “Ìwé yín ò parọ́, sà. Gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe ni ẹ lè ṣe. Èyí ni wọn ò lè ṣe.”

Fèrè ọkọ̀ dún lẹ́nu géètì.

“Yá, kúnlẹ̀ fún mi.”

“Ṣé kí n ṣojú yín, sà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ojú ìwé kejì ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, sà.”

“Kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ nígbà náà.”

“Ẹ ti lé mi, sà.”

“Mo ti dá ọ padà.”

“Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, sà. Ẹ ní agbára àtigba òṣìṣẹ́. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á fún ajá tán ni.”

Alàgbà ní ọmọ kékeré kan kò lè fi òun sínú ìgò. Fèrè tún dún. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ká ṣòkòtò funfun sókè díẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa Benin tí òjò àná ṣì wà nínú rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ń wò ó.

“Ẹ ò tíì dúpẹ́, sà,” ni Motọ́lání wí.

“Ẹ ṣé, sà,” ni Alàgbà sọ fún ajá.

Ajá náà jókòó.

Ìyáàfin Yéwándé ti ṣí géètì fúnra rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní ajá náà wu òun, ṣùgbọ́n ọkọ òun kì í kúnlẹ̀ fún àna, áńbọ̀sì ajá. Ẹni tó kọ́ ọ ní èyí ni kí ó kọ́ ọ ní òmíràn, òun yóò sì dúró dè é. Bí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀ níbí, òun yóò wá ibòmíràn lọ, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun. Ó nawọ́ sí abẹ́ igi máńgòrò. Ó béèrè bóyá òṣìṣẹ́ wọn nìyẹn.

Alàgbà wo Motọ́lání. Motọ́lání wo fáìlì.

Alàgbà kò lè dìde, nítorí bí ó bá dìde, ajá á dìde. Ó fa bírò yọ, ó gbé fáìlì lé itan, ó sì kọ ìwé ìgbanisíṣẹ́ fún Motọ́lání, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ àti owó oṣù. Ó fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí aṣojú. Ohun àkọ́kọ́ tí agbára inú ìwé lọ́yà náà ṣe lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, o mọ ẹni tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan. Kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, nígbà tí o ṣì wà ní ìdúró.