Bí Mo Ṣe Gbé Àkànbí Dé Ifọ̀

Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ ọjọ́ láyé mi, títí kan ọjọ́ ìbí ìyàwó mi, èyí tí mo ń jìyà rẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lù mí lójú ọ̀nà Papalanto nítorí tẹ́dì, ọmọlangidi onírun lásán, ìyẹn ò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ẹ fara balẹ̀, mo máa rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tó yá.

Ìyá ìyàwó mi ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Pákó ni wọ́n ń tà ní Ifọ̀, nínú sọ́míìlì tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ìyá Onípákó ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Wọn ò ga, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọ sọ́míìlì, àwọn ọkùnrin tó ń la igi á tún ìdúró wọn ṣe. Mo ti rí awakọ̀ àjàgbé tó dọ̀bálẹ̀ fún wọn nínú ẹrẹ̀ nígbà tí wọn ò tíì sọ nǹkan kan. Èmi tí mo fẹ́ ọmọ wọn gan-an, bí wọ́n bá pè mí lórí fóònù, orí ìdúró ni mo ti máa ń dá wọn lóhùn. Màmá yìí kan náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tẹ́dì ni wọ́n ń gbé mọ́ àyà sùn.

Àkànbí ni tẹ́dì ọ̀hún ń jẹ́. Ó tóbi tó ọmọ oṣù mẹ́ta. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí àkàrà tó pẹ́ jù nínú epo, bọ́tìnnì ẹ̀wù ni ojú rẹ̀ kan, ó sì ń dé fìlà. Bàbá ìyàwó mi, tí wọ́n ń wa àjàgbé nígbà ayé wọn, ló rà á nígbà tí wọ́n bí ìyàwó mi. Nígbà tí ọmọ dàgbà tó pa á tì, Bàbá gbé e síwájú ọkọ̀ wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, ó sì ń bá wọn kiri gbogbo ìrìn àjò. Ọjọ́ tí àwọn ẹbí ń pín ọkọ̀ àti ilẹ̀ lẹ́yìn ikú Bàbá, Màmá ò bá ẹnikẹ́ni du nǹkan kan. Wọ́n ṣílẹ̀kùn àjàgbé, wọ́n gbé tẹ́dì, wọ́n gba ilé lọ. Àkànbí ni oríkì Bàbá. Láti ọjọ́ yẹn, tẹ́dì nìkan ló ń jẹ́ ẹ nínú ilé náà.

Ó wá ṣe, nǹkan funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú ọ̀tún Màmá. Ilé ìwòsàn kan ní Ifọ̀ ní kí wọ́n wá fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà ojú tó máa ṣe é, Abẹ́òkúta ló ti ń wá, kì í sì í wá lemọ́lemọ́. Bí ọjọ́ yẹn bá fi lè kọjá, ó di ìgbà tí Ọlọ́run bá tún gbé e wá, ojú ò sì mọ sùúrù. Màmá gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní wọ yàrá iṣẹ́ abẹ bí Àkànbí ò bá sí níbẹ̀. Àkànbí sì wà lọ́dọ̀ wa ní Mowe. Etí rẹ̀ ló ya, ìyàwó mi tó ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Ibafo ló gbà á wá láti rán an.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó mi ní oníbàárà kan tó ń ṣègbéyàwó fẹ́ wá wọ aṣọ wò, òun ò lè lọ sí Ifọ̀. Ó ní kí n bá òun gbé e lọ.

"Kò burú. Jẹ́ kí n wá báàgì," mo ní.

"Báàgì ló fa etí ẹ̀ ya lọ́jọ́sí. Màmá ti ní a ò gbọ́dọ̀ kì í sí báàgì mọ́. Ẹ gbé e lọ́wọ́."

"Lọ́wọ́ báwo?"

"Bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan lọ́wọ́ náà. Kí ló le ńbẹ̀?"

Ohun tó le ńbẹ̀ ni pé olùkọ́ ni mí. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Mowe, n kì í sì í rẹ́rìn-ín ní kíláàsì. Bí mo bá ń kọjá, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ọlidé ni wọ́n wà lásìkò yẹn, kò sí ìta tí ẹ máa yà sí ní àdúgbò wa tí ẹ ò ní bá ọmọ kíláàsì mi kan. Ṣé èmi ni kí wọ́n wá rí pẹ̀lú tẹ́dì onífìlà mọ́ àyà? Iyì tí mo ti ń kó jọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ á dà sẹ́rẹ̀ kí n tó dé títì.

Bí ìyàwó mi ṣe jáde, mo fa ìró rẹ̀ kan lórí okùn, mo wé Àkànbí látorí dé ẹsẹ̀, mo gbé e lé èjìká. Mo wo dígí. Bàbá ọmọ tuntun gidi ni mo rí. Mo yin ara mi. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ mi débi pé mo ń gbá a nídìí pẹ́pẹ́ bí mo ṣe ń lọ. Mo pàdé méjì nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú ọwọ́ lómi, sà!" Mo mi orí bí ọ̀gá, mo kọjá lọ. Mo rò pé mo ti rí ayé jẹ.

Mo wọ mọ́tò tó ń gba Ọ̀fàdà lọ sí Papalanto, níbi tí mo ti máa wọ òmíràn dé Ifọ̀. Mo jókòó ti obìnrin sísanra kan tó wọ búláòsì àti ìró búlúù, tó gbé Bíbélì lé itan. Alhaji arúgbó kan wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. A ò tíì rìn jìnnà tí obìnrin oníbúlúù fi kọjú sí mi.

"Ẹ kú ọwọ́ lómi, sà. Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Ọkùnrin ni."

"Olúwa á wò ó o. Ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í gbé ọmọ tuntun báyẹn. Ẹ fọwọ́ ti ọrùn ẹ̀."

Mo fọwọ́ ti ọrùn. Obìnrin kan lẹ́yìn ní kí n bo ẹsẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Mo bo ẹsẹ̀. Òmíràn ní kí n ṣíjú rẹ̀ díẹ̀ kó lè mí. Èyí ni mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Àwọn obìnrin wa ò lè rí ọkùnrin tó gbé ọmọ dání kí wọ́n má bá a dá sí i. Ká ní mo rántí ìyẹn nílé ni, ǹ bá gbé tẹ́dì mi lọ́wọ́ jẹ́ẹ́.

"Kí lorúkọ ẹ̀?" obìnrin oníbúlúù bèèrè.

Mi ò múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Ó ń ṣe mí bíi pé bí mo bá pe Àkànbí lásán, gbogbo wọn á mọ̀ pé tẹ́dì ni. Mo ní, "A ò tíì sọ ọ́ lórúkọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá fẹ́ purọ́ láàárín Yorùbá, ẹ má pa irú èyí. Gbogbo mọ́tò yíjú sí mi. Ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ ò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ. Inú yàrá ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, kí ìyá àgbà máa fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́. Kì í bá ọkùnrin wọ mọ́tò Papalanto.

"Ìyá ẹ̀ dà?" Ohùn obìnrin náà ti yí padà, ọ̀rọ̀ "sà" ti kúrò ńbẹ̀.

"Ó wà níbi iṣẹ́."

"Níbi iṣẹ́! Ẹni tó bímọ lọ́sẹ̀ yìí!"

"Ẹ ẹ̀ rí i pé ọmọ yẹn ò tiẹ̀ ké rárá?" ẹnì kan ní lẹ́yìn. "Wọ́n ti fún un ní nǹkan mu nìyẹn o."

Ibi tí mo ti ń wá irọ́ tí màá fi tún ti àkọ́kọ́ ṣe ni fóònù mi ti dún nínú àpò àyà. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lára ọmọ. Obìnrin oníbúlúù yọ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́. Ohùn Màmá kún inú mọ́tò.

"Ọkọ ọmọ mi, ibo lẹ dé? Àkànbí mi ńkọ́? Ṣé ẹ ò fún un lọ́rùn ṣá?"

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Obìnrin náà wò mí látorí dé ẹsẹ̀.

"Àkànbí," ó tún un pè, jẹ́jẹ́. "Ọmọ tí ẹ ò tíì sọ lórúkọ."

"Gbọ́mọgbọ́mọ ni!" wọ́n pariwo lẹ́yìn. Dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti wọ́ mi bọ́ sílẹ̀, ẹnì kan di ṣòkòtò mi mú nídìí, àwọn ọlọ́kadà sì ti ń pé jọ. Èmi tí mo máa ń jágbe mọ́ odindi kíláàsì, mo la ẹnu, kò sí nǹkan tó jáde. Obìnrin oníbúlúù já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi. Ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, ó ń tú ìró. Fìlà ló kọ́kọ́ yọ. Etí onírun tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni bọ́tìnnì.

"Yéè! Jésù!" Obìnrin náà fò dìde, ṣùgbọ́n kò sọ Àkànbí nù. Títí dòní ni mo ń bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ti ọrùn ọmọ gírígírí.

Ọlọ́kadà kan ní oògùn owó ni. Òmíràn ní kí wọ́n la ikùn rẹ̀, kí wọ́n wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ló dá ohùn mi padà.

"Ẹ má là á o! Ẹ jọ̀ọ́! Ìyá mi ló ni ín! Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn ní Ifọ̀, wọn ò ní wọlé tí wọn ò bá rí i!"

Ìyá mi ni mo pè wọ́n, mi ò pè wọ́n ní ìyá ìyàwó mi. Ẹ̀rù ló kọ́ mi.

Alhaji sọ̀ kalẹ̀ níwájú mọ́tò, ó ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, ó gba fóònù, ó pe Màmá padà. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Kí ni Àkànbí yìí jẹ́ sí yín?"

Mo rò pé Màmá á tijú, wọ́n á ní ẹrù kan ni, tàbí nǹkan ìṣeré ọmọ-ọmọ. Wọn ò tiẹ̀ rò ó.

"Tẹ́dì ọkọ mi ni. Òun ni mò ń gbé sùn. Tí wọ́n bá di ojú mi méjèèjì lónìí, ojú ò ní lè sọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún mi, àfi ọwọ́. Ta ló dá a dúró sọ́nà?"

Ẹni tó di ṣòkòtò mi mú jọ̀wọ́ rẹ̀. Alhaji ní, "Ẹ má bínú, Màmá, ó ti ń bọ̀." Ó dá fóònù padà fún mi, ó ní tẹ̀súbáà ìyàwó òun tó kú ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí òun, òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Dẹ́rẹ́bà ní kí gbogbo wa wọlé, òun ò ní dúró ní Papalanto mọ́, Ifọ̀ lòún ń lọ tààrà, ẹni tí ò bá fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀. Mo na ọwọ́ láti gba Àkànbí.

"Ẹ fi sílẹ̀," obìnrin oníbúlúù ní. "Ẹ ò mọ ọmọ gbé." Ó fi ìró ìyàwó mi pọ̀n ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ ilé ìwòsàn, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, ẹrẹ̀ dé orúnkún mi. Géétì la wà tí ẹ̀ṣọ́ fi kí i kú ọwọ́ lómi, ó sì dáhùn pé a dúpẹ́. Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n káwọ́ mọ́ àyà, dókítà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá ra pákó àwìn. Nígbà tí wọ́n gba Àkànbí, ojú wọn rọ̀ lọ́nà tí mi ò rí rí. Nọ́ọ̀sì ní Àkànbí ò lè wọlé pẹ̀lú ìdọ̀tí. Dókítà fúnra rẹ̀ fa aṣọ mímọ́ kan yọ, ó wé e, ó ní ó yá.

Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n gbé Màmá jáde, báńdéèjì wà lójú wọn méjèèjì, kí èyí tí wọ́n ṣe lè sinmi, ọwọ́ wọn sì ń wá etí Àkànbí. Wọ́n fọwọ́ kan ibi tí ìyàwó mi ti rán an. Wọ́n ní, "Ó mọ̀ ọ́n rán." Ìgbà náà ni obìnrin oníbúlúù, tí kò tíì lọ sí ibi tó ń lọ, jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ro gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì fo ibi tí wọ́n ti di ṣòkòtò mi mú. Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ń nu ojú. Màmá nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ báńdéèjì yẹn sí ibi tí ohùn mi wà.

"Ọkọ ọmọ mi, ta ló tì yín lójú? Ṣé Àkànbí ni àbí èmi?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbẹ̀, bíi ti awakọ̀ àjàgbé inú ẹrẹ̀ yẹn gẹ́lẹ́. Màmá ò rí mi, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ bí mo ṣe balẹ̀. Ẹ̀rín wá gbé wọn.

"Ẹ dìde, jàre. Ẹ ti wọ́lẹ̀ tó lónìí."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ dé Papalanto. Ká ní mo gbé tẹ́dì lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe rán mi, bóyá ọmọ kan á rẹ́rìn-ín, ìyẹn náà ni. Ìró tí mo fi bò ó ló fẹ́ẹ̀ pa mí. Màmá tí gbogbo sọ́míìlì ń bẹ̀rù wí ohun tí wọ́n fẹ́ràn síta láàárín àwọn tí wọn ò mọ̀ rí, ohùn wọn ò gbọ̀n. Mo ti kàwé, mo ti kọ́ ọmọ, mi ò tíì rí ẹni tó láyà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí dókítà ní kí Màmá padà wá yẹ ojú wò, wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa ní Mowe, ojú wọn sì ti mọ́ bí omi. Èmi ni mo gbé Àkànbí dé ibùdókọ̀, kò sí ìró lára rẹ̀, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sí apá kan. Àwọn ọmọ kíláàsì mi méjì ọjọ́sí ló tún bá wa pàdé. Wọ́n wo tẹ́dì, wọ́n wo èmi, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbé ojú sí. Èyí tó gbójú nínú wọn ní, "Sà, ṣé ọmọ ọjọ́ yẹn náà nìyí?"

Mo wo Màmá. Màmá ń wò mí, pẹ̀lú ojú méjèèjì.

"Òun náà ni," mo ní. "Àkànbí lorúkọ ẹ̀. Ẹ kí i."

Wọ́n kí i o, wọ́n kúnlẹ̀ kí i. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá wọ kíláàsì, ohùn kan láti ẹ̀yìn á ní, "Sà, Àkànbí ńkọ́?" Màá ní ó wà, ó ń jẹun dáadáa, màá sì kọjú sí pátákó kíákíá, kí wọ́n má baà rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín.