Òdo Tí Ọ̀gá Fi Ṣadé

Kí ọ̀gá wa tó jókòó láràárọ̀, yóò fi etí táì rẹ̀ nu gíláàsì tó bo òdo náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń nu imú ọmọ tuntun.

Òdo aláwọ̀ ewé ni, láàárín ojú kọ̀ǹpútà ńlá. Ní ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wa, ẹ̀rọ àgbà ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ohunkóhun tí àgbà bá kọ, ẹ̀rọ ẹ̀dà á gbà á, á dà á kọ; ẹ̀dà yìí sì ni àwọn tó wà lẹ́nu ọkọ̀ ń wò kí wọ́n tó jẹ́ kí èrò wọlé. Bí ẹ̀dà bá fà sẹ́yìn, iye tó fi fà sẹ́yìn á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Lọ́dọ̀ ọ̀gá wa, òdo ni lójoojúmọ́. La bá ń kì í: Ọ̀gá Òdo! Afòdo-ṣadé! Ẹlẹ́dà tí kì í kẹ́yìn! Ó gbà pé oríkì ni.

"Ọ̀gá," ni obìnrin tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀gá wí, "ẹ̀dà nìkan ni kọ̀ǹpútà yìí ń bi léèrè. Ó ń bi í pé, nínú ohun tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, mélòó ló kù tí o ò tíì kọ? Ẹ jẹ́ ká bi àgbà náà. Ẹni tí wọn ò bu oúnjẹ fún, ṣé ó lè ní àjẹkù?"

"Ẹ̀dà mi kì í parọ́. Ojú ló ń pọ́n ẹ, ni o ò ṣe rí àwọ̀ ewé."

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í jẹ ọ̀gá pátápátá lórí gbogbo ẹ̀rọ, ó gbé òdo náà sára ògiri gbọ̀ngàn, ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Alága ilé iṣẹ́ ti nawọ́ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ìyá ìyàwó ọ̀gá já wọlé, tòun ti báàgì.

"Àna mi, wọ́n ní orúkọ mi ò sí o! Bọ́ọ̀sì ti fi mí sílẹ̀."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí alága. "Màmá, ẹ wo ògiri. Òdo! Bí orúkọ yín ò bá sí nínú ẹ̀dà, a jẹ́ pé ẹ ò gba tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Àwọn àgbàlagbà náà mà fẹ́ràn ọkọ̀ ọ̀fẹ́ o."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Lóòótọ́, èmi kọ́ ni mo gbà á," ni màmá dáhùn. "Ìwọ lo gbà á fún mi láàárọ̀ yìí, lórí fóònù rẹ. O ní kí n tètè máa lọ, pé o ní oyè í jẹ."

Ẹ̀rín dá. Alága ti ọwọ́ rẹ̀ bọ àpò.

"Ẹ bi ẹ̀rọ àgbà," ni alága wí.

Obìnrin tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀gá tẹ bọ́tìnnì díẹ̀. "Ẹ̀dà ti já kúrò lára àgbà láti ìdájí, sà. Kò sí ohun tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ mọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi ní àjẹkù."

Ẹnu ọ̀nà ti kún fún èrò tí bọ́ọ̀sì fi sílẹ̀. Lára ògiri, òdo ń tàn.

Ọ̀gá fọwọ́ kan táì rẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Ó gbé báàgì ìyá ìyàwó rẹ̀ lé èjìká. Àwọn èrò là fún wọn. Màmá ló ṣíwájú, kò bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, lókèèrè díẹ̀.