Búlọ́ọ̀kù Múìdéènì Kò Ní Èéfín

Múìdéènì ń wọ́n omi sára búlọ́ọ̀kù ní Iyana Iyesi nígbà tí Ìyá Joy, díákónẹ́ẹ̀sì tí ṣọ́ọ̀ṣì rán wá wá ẹni tí yóò bá wọn ṣe ẹgbẹ̀rún márùn-ún búlọ́ọ̀kù, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ìbúra ti wà létè Múìdéènì kí obìnrin náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Búlọ́ọ̀kù mélòó lẹ ń rí mọ nínú àpò sìmẹ́ńtì kan?"

"Ọgbọ̀n, Màmá. Kí n kú bí mo bá purọ́!" Ó fọwọ́ gbá ọ̀kan, àmọ́ jẹ́jẹ́ ni.

"Ó mà ṣe o. Ẹ́ńjíníà wa ní èéfín tó ń jáde kí sìmẹ́ńtì tó di sìmẹ́ńtì ló ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Ẹni tí kì í lo sìmẹ́ńtì púpọ̀ la ń wá." Ó yíjú padà sí títì.

"Màmá! Kí lẹ ń sáré fún? Ogójì ni mò ń mọ."

"Ṣebí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ búra ni?"

"Ìbúra oníbàárà nìyẹn. Aádọ́ta ni."

"Aádọ́ta!"

"Ọjọ́ tí ara mi bá yá, ọgọ́ta." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá rèé, Màmá, mi ò mọ̀ pé ojú ọjọ́ ni mò ń tún ṣe. Olè làwọn èèyàn ń pè mí."

"Ṣé kì í fọ́?"

"Tẹ́ẹ bá ti rọra gbé e."

"Ẹ́ńjíníà ní erùpẹ̀ pupa àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀, kó le dáadáa."

"Ẹ̀rọ kẹ̀? Ẹ̀rọ ò ha ń rú èéfín ni?"

"Ó dáa. Ibo lẹ ti ṣiṣẹ́ tí mo lè fi han ìgbìmọ̀?"

"Ẹ lọ sí Itele, ẹ béèrè ilé onígéètì búlúù tí wọ́n ya àdàbà sí. Gbogbo fẹ́ǹsì yẹn, àpò márùn-ún péré!"

Ìyá Joy rọra bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ilé mi nìyẹn. Fẹ́ǹsì ọ̀hún wó lọ́dún tó kọjá, ó pa ewúrẹ́ mi méjì. Silas, àbúrò ọkọ mi tó bá wa ra búlọ́ọ̀kù rẹ̀ tó sì mọ ọ́n, ni mo dá lẹ́bi. Títí dòní, mi ò kí i!"

Omi tí Múìdéènì ń wọ́n ti ń dà sórí bàtà ara rẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣáà rò ó wò. Fẹ́ǹsì tó ti padà di iyanrìn, èéfín wo ló tún kù nínú ẹ̀?"

"Ṣé mi ò wá tún un kọ́ ni, ìwọ aláìnítìjú yìí? Èéfín ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn! Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Tẹjúmọ́lá ni mo ti ra tuntun. Ìyẹn bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Tẹjúmọ́lá?" Múìdéènì gbé àyà sókè. "Ọmọṣẹ́ mi ni! Kò sóhun tí mo mọ̀ tí mi ò kọ́ ọ."

Ìyá Joy ti fa fóònù yọ.

"Joy! Dádì ńkọ́? Wọ́n fẹ̀yìn ti fẹ́ǹsì? Yéè! Sọ fún wọn kí wọ́n rọra dìde. Jẹ́jẹ́ o! Wọn ò sì gbọdọ̀ sín!"