Wọn Ò Tíì Gbà Mí Wọlé

Yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan ni, nísàlẹ̀ ilé, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, nílẹ̀ òkèèrè. Ọmọbìnrin kan tó gba oyè kejì ní yunifásítì lọ́dún tó kọjá, tó sì ti ń retí láti oṣù mẹ́jọ kí wọ́n gbà á fún ìkẹta, dúró nídìí tábìlì gígùn, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ibùsùn funfun, ó ń ká wọn. Ó gbé fóònù ti ike ọṣẹ. Ìyá rẹ̀, tó ti ń ránṣọ láti ọgbọ̀n ọdún, wà nínú fóònù náà láti ilé; ìdajì iwájú orí rẹ̀ àti pákó àjà nìkan ló ń hàn.

ỌMỌ: Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ gbé fóònù wálẹ̀ díẹ̀, mi ò rí ojú yín.

ÌYÁ: Èmi ń rí tìẹ. Kí lo fẹ́ fi tèmi ṣe?

ỌMỌ: Kò burú, mà. Ṣé dáadáa lẹ wà?

ÌYÁ: Dáadáa ni mo wà títí mo fi rí ibi tó o wà. Kí ni gbogbo aṣọ funfun ẹ̀yìn ẹ yẹn?

ỌMỌ: Aṣọ ibùsùn ni, mà.

ÌYÁ: Ibùsùn mélòó?

ỌMỌ: Á tó igba.

ÌYÁ: (jẹ́ẹ́) Ọsibítù.

ỌMỌ: Òtẹ́ẹ̀lì ni, Màmá. Ibi iṣẹ́ mi ni. Aṣọ tí àwọn èèyàn sùn lé lánàá ni mò ń fọ̀.

ÌYÁ: Kí ló dé tí wọn ò fọ tiwọn? Ṣé wọn ò lọ́wọ́ ni?

ỌMỌ: Wọ́n lọ́wọ́, mà. Wọ́n sanwó kí wọ́n má baà lò ó.

ÌYÁ: Hẹn. Dúró ná. Gbé èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn sún mọ́bí. Ta ló ṣẹ́tí ẹ̀?

ỌMỌ: Ilé iṣẹ́ ńlá kan ni, Màmá.

ÌYÁ: Ó ti ń tú. Sọ fún wọn.

ỌMỌ: Ẹni tó bá ń sùn lórí ẹ̀ kì í wo etí ẹ̀.

ÌYÁ: Ẹni tí oorun ò bá kùn á wò ó. Ìwé ńkọ́?

Ọmọ náà ká aṣọ kan tán, ó tún tú u, ó tún un ká.

ỌMỌ: Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ pè yín nìyẹn. Wọn ò tíì gbà mí wọlé.

ÌYÁ: Ta ni ò gbà ẹ́ wọlé?

ỌMỌ: Ilé ìwé.

ÌYÁ: Látìgbà wo?

ỌMỌ: Ó ti pé oṣù mẹ́jọ, mà.

ÌYÁ: O ti wà níta láti oṣù mẹ́jọ? Nínú òtútù yẹn?

ỌMỌ: Mi ò sí níta, mà. Mò ń retí ni. Orúkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n ní kó ṣì dúró ná.

ÌYÁ: Wọn ò wá fún yín ní àga?

ỌMỌ: A ò fẹsẹ̀ dúró, Màmá. Orí ìwé la dúró sí.

ÌYÁ: Ẹ dúró lórí ìwé. (Ó mí kanlẹ̀.) Ìwọ tí mo kọ́ pé èèyàn kì í tẹ ìwé mọ́lẹ̀.

ỌMỌ: Ẹ fetí sí mi, mà. Mo ti ka ìwé àkọ́kọ́ tán nílé kí n tó wá. Mo dé ibí, mo ka ìkejì. Ìkẹta ló kù.

ÌYÁ: Ìwé mẹ́ta.

ỌMỌ: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

ÌYÁ: Láti ọdún mẹ́fà. Nígbà tó o wà ní kíláàsì kẹta, méjì lò ń kà tán lọ́sẹ̀.

ỌMỌ: Oyè ni mo ní lọ́kàn, mà. Tí mo bá parí ìkẹta yìí, mo di dókítà.

Iwájú orí ìyá sún mọ́ fóònù tó bẹ́ẹ̀ tí àjà kò hàn mọ́.

ÌYÁ: Orúnkún mi ọ̀tún.

ỌMỌ: Kì í ṣe irú dókítà yẹn, Màmá.

ÌYÁ: Tòsì náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

ỌMỌ: Dókítà ilẹ̀ ni, mà.

ÌYÁ: Dókítà ilé? Ilé ta ni?

ỌMỌ: Ilẹ̀, mà. Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, tí à ń gbin nǹkan sí.

ÌYÁ: Ilẹ̀ ń ṣàìsàn?

ỌMỌ: Ó ń ṣe é, mà. Òmíràn ti gbó, òmíràn ti fa májèlé mu.

ÌYÁ: Ẹ wá ń gún un lábẹ́rẹ́?

Ọmọ náà fẹ́ sọ pé rárá. Ó rò ó wò.

ỌMỌ: A máa ń fi irin gún un, ká yọ díẹ̀ níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

ÌYÁ: Ó ń sọ ibi tó ń dùn ún?

ỌMỌ: Kì í sọ, mà. Ìdí nìyẹn tó fi máa gba ọdún mẹ́rin.

ÌYÁ: Bàbá ẹ náà kì í sọ. Ọ̀sán kan ni mo fi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ kan dún pé òun ti ṣe tán. Ọmọ náà sáré lọ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó padà wá.

ÌYÁ: Ibo lò ń gbé báyìí?

ỌMỌ: Yàrá kan ni, mà. Àwa mẹ́rin la jọ ń lo ilé ìdáná. Ilé náà mọ́ tónítóní. Kálukú kọ orúkọ ẹ̀ sára nǹkan ẹ̀, títí dórí ẹyin.

ÌYÁ: Wọ́n kọ orúkọ sára ẹyin?

ỌMỌ: Orúkọ ẹni tó ni ín, mà.

ÌYÁ: Ẹyin gan-an ti mọ ẹni tó ni òun. Ìwọ ò tíì mọ ilé ìwé tó ni ẹ́. Kí lo máa ń fi gbogbo ọjọ́ ṣe?

ỌMỌ: Mo máa ń jí láago márùn-ún, mo wo fóònù. Mo wẹ̀, mo wo fóònù. Mo wọkọ̀ wá síbi iṣẹ́, mo wo fóònù. Tí mo bá ká aṣọ ogún, mo tún wò ó.

ÌYÁ: Kí lò ń wò níbẹ̀?

ỌMỌ: Bóyá lẹ́tà wọn ti wọlé.

ÌYÁ: Fóònù tó ò ń wò tó báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lo fi ń pè mí.

ỌMỌ: Ẹ má bínú, mà. Àmọ́ nǹkan rere wà níbẹ̀ o. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti ní òun fẹ́ mi.

Fóònù ti òdì kejì rọra sọ̀ kalẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yìí, gbogbo ojú ìyá hàn: ojú méjèèjì, imú, àti abẹ́rẹ́ mẹ́ta tó fi eyín dì mú. Ó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

ÌYÁ: Tún un sọ.

ỌMỌ: Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní òun fẹ́ mi lọ́dọ̀ òun, nínú yàrá àyẹ̀wò òun.

ÌYÁ: Nínú yàrá.

ỌMỌ: Ó ní òun ti ń wá irú mi tipẹ́.

ÌYÁ: Ọmọ ọdún mélòó?

ỌMỌ: Á ti lé ní ọgọ́ta.

ÌYÁ: Ṣé ìyàwó ẹ̀ ti gbọ́?

ỌMỌ: Obìnrin ni, Màmá. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wá.

Ìyá wo ọmọ. Ó wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

ÌYÁ: Jẹ́ ká padà sórí ilẹ̀ tí ara ẹ̀ ò yá.

ỌMỌ: Òun fẹ́ mi, àmọ́ kò lè dá a ṣe. Àwọn ìgbìmọ̀ kan wà tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

ÌYÁ: Èyí yé mi. Bó ṣe rí fún èmi náà nìyẹn. Bàbá ẹ fẹ́ mi, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò tètè fọwọ́ sí i. Mo dúró títí ẹsẹ̀ mi fi wú.

ỌMỌ: Báwo lẹ ṣe wá ṣe é?

ÌYÁ: Mo rán aṣọ fún àgbà inú wọn. Rán nǹkan fún àwọn ìgbìmọ̀ yẹn.

ỌMỌ: Wọ́n á lé mi, mà.

ÌYÁ: Tó bá bá ara wọn mu ńkọ́?

ỌMỌ: Wọ́n á lé mi pẹ̀lú ẹ̀. Màmá, ó ku nǹkan kan. Físà mi ku ọjọ́ méjìlá.

ÌYÁ: Kó tó dé?

ỌMỌ: Kó tó tán, mà.

ÌYÁ: Tó bá wá tán?

ỌMỌ: Tí ìwé wọn ò bá dé ṣáájú, mo gbọ́dọ̀ kó ẹrù mi wá sílé. Gbogbo ohun tí mo ti ń lé bọ̀ láti ọjọ́ yìí máa dúró síbẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ló ń sọ ti wọn lọ.

ÌYÁ: Kí ló dé tó ò sọ látọjọ́ yìí?

ỌMỌ: Mi ò fẹ́ kí ọkàn yín dàrú.

ÌYÁ: Ó ti dàrú kó o tó sọ ọ́. Sọ́ńdè tó o ò pè mí yẹn, mo rán apá mẹ́ta sára aṣọ kan.

ỌMỌ: Ẹni tó ni aṣọ ò bínú?

ÌYÁ: Mo ní ohun tí wọ́n ń wọ̀ lóde báyìí nìyẹn. Ó ní kí n rán ti àbúrò òun bẹ́ẹ̀ náà.

Fóònù ọmọ dún tín-ín lẹ́ẹ̀kan. Ó wò ó. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

ỌMỌ: Màmá. Lẹ́tà ti wọlé. Láti ilé ìwé.

ÌYÁ: Ṣí i.

ỌMỌ: Mi ò lè ṣí i níbí. Tí mo bá sunkún, mi ò rí ibi tí mo máa fojú pa mọ́ sí.

ÌYÁ: O wà láàárín igba aṣọ ibùsùn.

ỌMỌ: Mo ti lọ̀ wọ́n, mà.

ÌYÁ: Kọjú ẹ̀ sí mi, kí n bá ẹ kà á.

ỌMỌ: Inú fóònù yìí náà ló wà. Tí mo bá ṣí i, ojú yín máa kúrò, ohùn yín nìkan ló máa kù.

ÌYÁ: Máa ṣí i lọ. Ohùn mi ni mo fi tọ́ ẹ. Ojú mi wà lára iṣẹ́ nígbà yẹn.

Ọmọ náà nu ọwọ́ méjèèjì sára aṣọ iṣẹ́. Ó tẹ fóònù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á, ó ń tú u sí Yorùbá bó ṣe ń lọ.

ỌMỌ: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ pé o kọ̀wé sí wa."

ÌYÁ: Wọn ò gbà ẹ́.

ỌMỌ: Ẹ jẹ́ kí n kà á tán, mà.

ÌYÁ: Ẹni tó bá kọ́kọ́ dúpẹ́ ò ní nǹkan tó fẹ́ fúnni. Bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn tí mo bá ti fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà.

ỌMỌ: "Ọ̀pọ̀ èèyàn ló kọ̀wé lọ́dún yìí, ààyè tó wà kò sì tó nǹkan."

ÌYÁ: Ìkẹ́dùn ti bẹ̀rẹ̀. Pa á dé.

ỌMỌ: "Inú wa dùn..."

ÌYÁ: Inú wọn tún wá ń dùn sí i! Ìkà èèyàn.

ỌMỌ: "Inú wa dùn láti sọ fún ọ pé a ti gbà ọ́."

Ó tún ibẹ̀ kà lọ́kàn ara rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ kíláàsì kìíní. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí òkìtì aṣọ tó ti lọ̀.

ỌMỌ: Wọ́n gbà mí, Màmá. Wọ́n ní ilé ìwé ló máa san gbogbo owó ẹ̀kọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí n wá fọwọ́ sí i, ìwé náà ni màá mú lọ tún físà ṣe. Màmá?

Ohùn máṣíìnì ìránṣọ ló ń ti òdì kejì wá, ó ń sáré, kò sì dúró.

ỌMỌ: Màmá, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Kí lẹ ń rán?

ÌYÁ: Mi ò rán nǹkan. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni.

ỌMỌ: Ṣé ẹ ń sunkún ni?

ÌYÁ: Abẹ́rẹ́ ló gún mi.

ỌMỌ: Ìka wo?

ÌYÁ: Ojú.

Ọmọ náà dá ojú ìyá padà sórí fóònù. Àjà nìkan ló rí.

ỌMỌ: Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo lè máa wá sílé lọ́dọọdún, mà.

ÌYÁ: Ta ló bi ẹ́?

ỌMỌ: Ẹ ò bi mí, mà. Mo kàn sọ ọ́ ni.

ÌYÁ: Ó dáa. (Máṣíìnì dúró.) Oṣù wo?

ỌMỌ: Oṣù kejìlá, mà.

ÌYÁ: Kó o ti wọn ara ẹ sílẹ̀ kó o tó máa bọ̀. Ọrùn ẹ ti tín.

Ọmọ náà dìde, ó wo òkìtì tó jókòó lé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tún un lọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ, ni áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá ń dún ṣìì níbi tí omi náà kán sí.

ỌMỌ: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò, títí màá fi fọwọ́ sí ìwé náà.

ÌYÁ: Èmi? Kí n wá sọ kí ni fún ta ni?

ỌMỌ: Mo mọ̀ yín, mà.

ÌYÁ: Láti ọjọ́ tó o wọ ọkọ̀ òfurufú ni gbogbo wọn ti ń pè mí ní Ìyá Ọ̀mọ̀wé. Wọ́n ti kí mi kú oríire, mo ti dúpẹ́, wọ́n ti gbàgbé ẹ̀. Ìwọ nìkan ló kù tí kò tíì gbọ́.